Bí Mo Ṣe Wọn Òkun Bíi Kànga

Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga ní Iyere lẹ́bàá Ọ̀wọ̀ tó bí mo ṣe gbẹ́ ẹ kò yẹ kó máa bẹ̀rù omi. Èmi ń bẹ̀rù ẹ̀. Omi kànga ní ògiri, ó mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Òkun ò mọ̀.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi débẹ̀. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ló kọ́. Wọ́n ní kó lọ wọn etíkun ìpínlẹ̀ wa lọ́hùn-ún, kó ya máàpù tuntun, àkọ́kọ́ tí òun fúnra ẹ̀ máa buwọ́ lù. Ẹ̀rọ tó ń sọ bí omi ṣe jìn tó wá dẹnu kọlẹ̀. Ó ní okùn làwọn máa lò bíi tayé àtijọ́.

"Ọ́ńkù, ẹ̀yin lẹ mọ okùn í lò."

Mo ní làkúrègbé ń yọ mí lẹ́nu. Ó ti ń gbé àpò mi sínú mọ́tò.

Lójú ọ̀nà, ó fi máàpù táwọn òyìnbó yà láyé àtijọ́ hàn mí. Ó ní inú ọkọ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n ń fi okùn ju òjé sómi, tí wọ́n ń kọ bó ṣe jìn sílẹ̀. Nọ́ńbà kún ojú omi bí èèrà. Orí ilẹ̀ ṣófo. Mo wá Ọ̀wọ̀ títí, n ò rí i.

"Kí ló dé tí wọn ò kọ ìlú wa?"

"Ibi tí ojú wọn tó látinú ọkọ̀ ni wọ́n yà, Ọ́ńkù."

Ìyẹn ni pé ẹ̀rù ilẹ̀ ń bà wọ́n. Àánú wọn ṣe mí díẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo jókòó sílẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, mo fẹsẹ̀ ti pákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, méjì.

Atukọ̀ ní, "Bàbá, ta lẹ wọ ìkejì fún?"

Mo ń ju okùn, mo ń pe iye àkísà tá a so mọ́ ọn ní mítà-mítà, ọmọ ń kọ ọ́. Ọkọ̀ ha yanrìn lẹ́ẹ̀kan. Mo ti gbàdúrà tán kó tó kúrò.

Nígbà tá a gúnlẹ̀, ó yẹ ìwé wò. "Ibi tí ọkọ̀ ti ha yanrìn, nọ́ńbà yín ní omi wà níbẹ̀ dáadáa. Ọ́ńkù, níbo lẹ ti ń ka okùn?"

"Níbi ọwọ́ mi."

"Ọwọ́ yín wà níbo?"

"Láyà mi."

Bá a ṣe ń ka ti kànga nìyẹn: ibi tí ẹni òkè bá ti di okùn mú la ti ń kà á. Ojú omi ló yẹ kí n ti kà á níbí. Ká tiẹ̀ ní mo mọ̀, n ò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ débẹ̀.

"Ẹni tó bá gba máàpù yìí gbọ́ máa forí ọkọ̀ sọlẹ̀. Orúkọ mi ló máa wà lábẹ́ ẹ̀!" Èdè Ọ̀wọ̀ ló fi sọ ìyókù, kí atukọ̀ má bàa gbọ́ bí ọmọ ṣe ń bá àgbà wí. Ó wá bi atukọ̀ bóyá mo yí ìjókòó padà.

Atukọ̀ ní, "Bàbá yìí? Kò mí gan-an."

Tí n ò bá mira, á jẹ́ pé àṣìṣe ọ̀hún ò yàtọ̀ níbì kankan. Àmọ́ ọmọ yẹn kì í méfò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a padà sí ibi mẹ́ta. Mo ní láti ka okùn láyà, kí n tún na ọwọ́ kan ojú omi, kí n kà á níbẹ̀. Mo nà án. N ò pariwo púpọ̀. Níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, iye kan náà ni ti àyà fi ju ti ojú omi lọ.

Ó yọ àyà mi kúrò nínú gbogbo nọ́ńbà, ó buwọ́ lù ú.

Ẹ̀dà máàpù náà wà lára ògiri ẹ̀gbọ́n mi báyìí. Táwọn àlejò bá ní kí n fi ibi tí mo jókòó sí han àwọn, ọ̀ọ́kán ni mo ti ń nàka sí i; òkun ni, ì báà jẹ́ ti inú ìwé.