Ibojì Tó Wà Létí Òkun

Mo rántí ìgbà tí ó máa ń rẹ èèyàn díẹ̀ kó tó rìn láti ilé Ìyá Ekpè dé etí òkun. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni, ọmọ Ṣakété, ọkọ ló gbé e dé Ekpè. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń gbé nígbà tí mo ń lọ sí yunifásítì ní Abomey-Calavi, tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti òṣèlú àgbáyé. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí n tó dé. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ojú ibojì náà. Láràárọ̀, bí Ìyá bá kírun tán, á jókòó tì í lórí ẹní, á máa ròyìn ilé fún un: ẹni tó bímọ, ẹni tó ń ṣàìsàn, bí ẹja ṣe wọ́n lọ́jà. Kódà ó ròyìn ìdánwò mi fún un.

Èmi nìyẹn nígbà náà, nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tí ẹnu mi kún fún àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè. Bí mo bá ń jẹun, mo ń ṣàlàyé ayé fún ẹni tó ń bu ọbẹ̀ fún mi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ nìkan ni mo ní. Síbẹ̀ Ìyá a máa fi mí yangàn ládùúgbò pé ìwé tí wọ́n fi ń gbèjà ẹni tí ìyà ń jẹ ni ọmọ òun ń kọ́. Ó gbà bẹ́ẹ̀, èmi gan-an sì gbà bẹ́ẹ̀ jù ú lọ.

Ọdọọdún ni òkun ń sún mọ́ wa. Ó gbé àwọn igi àgbọn lọ, ó gbé kànga, ó wó ilé apẹja tó wà níwájú wa. Lọ́jọ́ kan àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri, wọ́n ní kí a kó kúrò kí òjò tó dé, pé àwọn á fún wa ní ilẹ̀ mìíràn tó jìnnà sómi. Wọn ò sọ̀rọ̀ burúkú sí ẹnikẹ́ni. Ìyá gbé àga fún wọn, ó fún wọn lómi mu, ó wá ní, "Ọmọ mi á bá yín sọ̀rọ̀."

Mo sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Faransé tó dán ni mo fi to ẹ̀tọ́ ẹni tí àjálù lé kúrò nílé lẹ́sẹẹsẹ. Ọ̀gá wọn gbọ́ mi dópin, ó ní òótọ́ ni mo sọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn fi ń fún wa nílẹ̀. Ìyá fà mí láṣọ.

"Bàbá rẹ tó wà nínú yàrá ńkọ́? Bi wọ́n léèrè Bàbá rẹ."

Nínú gbogbo ẹ̀tọ́ tí mo tò, kò sí ti òkú. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ní yunifásítì, ó ní kókó tó dára ni, kí n kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ìwádìí mi.

A bẹ àwọn ẹbí ọkọ Ìyá pé kí wọ́n jẹ́ ká gbé òkú rẹ̀ lọ síbòmíràn. Àgbà wọn mi orí. "Àwa kì í hú òkú wa. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀, torí àwọn ló lòkú.

Lọ́jọ́ tí a kó, Ìyá gbá yàrá náà mọ́, ó tẹ́ ẹní, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀. Kò ròyìn kankan. Nígbà tó yá ó ní, "Mò ń lọ o," ó sì dìde. Kí òjò ọdún náà tó dá, omi ti gbé yàrá náà lọ.

Ilẹ̀ tuntun dára, ó ní iná, ó ní omi ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí Ìyá bá kírun tán láàárọ̀, á kàn jókòó, á dákẹ́. Ó máa ń dùn mí débi tí mo fi ń tètè jáde nílé.

Mo gboyè náà, mo sì ń kọ́ àwọn mìíràn ní ẹ̀kọ́ kan náà báyìí. Ìyá kú ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Iyè rẹ̀ ti ń rà nígbà náà, ó sì bẹ̀ mí pé kí n tẹ́ òun ti Bàbá wa ní Ekpè. Mo ní, "Ó dáa, Ìyá." Ṣakété la gbé e lọ, sí ilé bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bọ́ mi, ohun kan ṣoṣo ló tọrọ lọ́wọ́ mi, kò sì sí ilẹ̀ tí mo lè gbẹ́ fún un.