Káún Tí Wọ́n Rù Lọ sí Bídà

Bí irọ́ bá ń hù bí ẹ̀fọ́ ni, ẹ̀yìnkùlé Olóyè Ọlálẹ́yẹ nìkan ìbá bọ́ gbogbo ìlú Ọ̀kà. Lọ́dún 1924, òun ni alága ilé ẹ̀kọ́ wa. Kò mọ a yàtọ̀ sí b, ṣùgbọ́n òun ló ń gba tíṣà, òun ló ń lé tíṣà. Gbogbo àwa tíṣà ń dọ̀bálẹ̀ fún un bí aṣọ tí wọ́n sá sílẹ̀.

Clement, ọmọ Ìkàrẹ́, ni tíṣà àgbà wa. Ṣòkòtò kan ṣoṣo ló ní, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń bọ́ ìyá rẹ̀ tí kò lè rìn mọ́.

Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó wá ní kí ilé ẹ̀kọ́ kọ ìtàn òwò àtijọ́ ránṣẹ́ sí òun. Ẹlòmíràn ìbá kọ ohun tí olóyè bá wí, kó sì jẹun rẹ̀ jẹ́ẹ́. Clement kọ̀. Ó sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ pé, “Bí ẹnikẹ́ni bá ń pìtàn fún yín, ẹ bi ara yín: ṣé ó wà níbẹ̀, àbí wọ́n sọ fún un? Kí ni yóò rí jẹ bí a bá gbà á gbọ́?”

Nínú àwọn tí Clement pè wá pìtàn ní kíláàsì, Ìyá Àsàmáù, arúgbó oníṣòwò, ló kọ́kọ́ wá láti Ìkàrẹ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta péré lòun ru aṣọ lọ sí Bídà, tí òun sì ru káún bọ̀. Ohun tí kò mọ̀, ó ní òun kò mọ̀. Ẹrù ti mú kí àárín orí rẹ̀ pá.

Lẹ́yìn náà ni olóyè wọ́ agbádá dé. Ó ní bàbá òun ló la ọ̀nà Bídà, pé igba ẹrú ló ń ru káún láti Ọ̀kà lọ tà fún àwọn Tápà, nítorí náà ilé òun ló ni ọjà Ọ̀kà.

Eunice, ọmọ ọdún mọ́kànlá, nawọ́ sókè. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí ọ̀dọ̀ àwọn Tápà ni káún ti ń wá? Ta ní í ru òkúta wá tà ní Ọ̀kà tó kún fún àpáta?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Dípò kí Clement na ọmọ náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé ajẹ́lẹ̀ pé: “Ìyá Àsàmáù wà níbẹ̀. Olóyè kò sí níbẹ̀, ọjà ló sì ń wá.”

Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti lé e. Ó ru àpótí rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìkàrẹ́. Wọ́n fa ojú ewé náà ya, ìtàn igba ẹrú ló sì lọ sọ́dọ̀ ajẹ́lẹ̀.

Ẹ má wulẹ̀ bú olóyè mọ́. Kò mọ̀wé kọ. Èmi Adébíyìí ni wọ́n fi ṣe tíṣà àgbà lẹ́yìn Clement. Èmi ni mo kọ ọ́.