Ẹjọ́ Eérú Ìdí Iṣu

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni wọ́n pe iṣu kan fún mi ní ọjà Òsì lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, náírà kan ń ra iṣu tí ọmọdé kò lè dá gbé. Mo gbé iṣu náà lọ́wọ́, ẹ̀rín sì gbà mí, torí mo rántí ọdún tí mo fi ìṣirò dá ẹjọ́ eérú.

Àbúrò bàbá mi ló dá a sílẹ̀. Ó ní eérú ń mú iṣu tóbi, kí á máa kó gbogbo eérú ilé wa lọ sóko. Eérú yẹn ni ìyá mi fi ń se ọṣẹ dúdú tó ń tà. Bàbá mi kò mọ ẹ̀yìn ẹni tí òun yóò wà.

Ìṣirò ni mo ń kọ́, ara mi sì ti yá láti lò ó. Lọ́lidé Àjíǹde, mo gba ebè díẹ̀ lóko bàbá mi, ní méjì-méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo ju kọ́bọ̀ sókè láti mọ èyí tí a ó fún ní eérú nínú méjì. Nígbà tó di Kérésìmesì, ọ̀rẹ́ mi ará Ìdọ̀fin, tí a jọ wà ní yunifásítì, yá òṣùwọ̀n kòkó wá. A wa iṣu, a wọ̀n ọ́n. Ìpíndọ́gba iṣu eléérú ga ju ti èkejì lọ.

"Ìyàwó wa, máa kó eérú bọ̀," ni àbúrò bàbá mi wí.

"Ẹ dúró ná, Bàbá."

Mo ṣí ìwé mi síbi tí àtẹ t wà, àtẹ nọ́ńbà tí a fi ń mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ kan kì í ṣe èèṣì. Fún ìgbà tí ohun tí a wọ̀n bá kéré níye bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya ìlà t: ó rí bí òkè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nípọn, tó sì nà jìnnà, torí pé nínú iṣu díẹ̀, ìyàtọ̀ ńlá lè ṣẹlẹ̀ lásán. Ní àwọn ebè kan, iṣu tí kò rí eérú ló tóbi jù. Mo ṣírò, mo tún un ṣírò. Nọ́ńbà wa kò tó ti inú àtẹ.

"Eérú lè máa ṣiṣẹ́ o," mo ní, "àmọ́ iye iṣu yìí kéré jù láti jẹ́rìí sí i."

"Ṣé ìwé ti kọ ebè rí ni?" ni àbúrò bàbá mi bi mí.

"Ọkọ mi, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀," ni ìyá mi dáhùn. "Ọṣẹ mi ló ra ìwé yẹn."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ebè. Ó ní títí a ó fi wọn iṣu púpọ̀ sí i, ìyá mi ló ni eérú rẹ̀. Lọ́dún kejì, àbúrò rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá tọrọ apẹ̀rẹ̀ eérú kan lọ́wọ́ ìyá mi, kí á tún un dán wò.

Bàbá mi ti lọ. Àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìyá mi náà sì ti lọ. Ọ̀rẹ́ mi ará Ìdọ̀fin ṣì wà ní Ìlọrin, orúnkún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èmi náà wà.