Àmọ̀kẹ́ Láàárín Àwọn Àpáta Aṣálẹ̀

Ìkéré-Èkìtì ni wọ́n bí Àmọ̀kẹ́ sí, nísàlẹ̀ òkè Olósùnta. Orí àpáta ló ti máa ń bá ìyá rẹ̀ sá láfún. Ṣùgbọ́n ó ti lé lógún ọdún tó ti ń wa bọ́ọ̀sì ní Dagenham nílùú Òyìnbó, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bí ẹní. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́ta ọdún, Zoe, ọmọ rẹ̀, bi í léèrè ohun tó fẹ́.

"Mo fẹ́ lọ rìn láàárín àpáta ní aṣálẹ̀ Jọ́dánì. Èmi nìkan."

"Ha, Mummy! By yourself? Pẹ̀lú orúnkún yín yẹn?"

"Ṣé orúnkún tìẹ ni?"

Bó ṣe lọ nìyẹn, nínú oṣù kẹta. Husnah, obìnrin tó ni àgọ́ tó sùn sí, ya ọ̀nà sórí ìwé fún un. Àmọ̀kẹ́ di omi àti ẹyin sísè, ó jáde ní ìdájí.

Àwọn àpáta náà pọ́n bí epo. Òmíràn ga ju ilé alájà ogún lọ, òmíràn tẹ̀ bí afárá. Ó ń fọwọ́ pa wọ́n lára bí ẹni tó rí ẹbí. Nígbà tó di ọ̀sán, ó rí ipasẹ̀ bàtà nínú iyanrìn. Ó dùn mọ́ ọn pé ẹnìkan wà nítòsí. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó bá a mu rẹ́gí. Tirẹ̀ ni! Ó ti ń yí po lójú kan.

Ó mu omi, ó gbàdúrà, ó rọra rá gun àpáta kan. Nígbà tó dé òkè, ó rí àgọ́ Husnah lọ́ọ̀ọ́kán. Ayọ̀ mú kó pariwo:

"Àmọ̀kẹ́ o!"

Àpáta iwájú dáhùn, "Àmọ̀kẹ́ o!" Tẹ̀yìn gbà á, òmíràn tó jìnnà tún pè é jẹ́jẹ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, Rosemary tàbí Màmá Zoe ni gbogbo ayé ń pè é. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó tún pariwo, wọ́n tún dáhùn.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ dé àgọ́, Husnah bu tíì gbígbóná fún un.

"Ṣé wàá sinmi lọ́la?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ìsinmi ṣe? Apá kejì àwọn àpáta náà ńkọ́?"

Husnah rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, òun náà wọ bàtà, ó tẹ̀ lé e.