Èèpo Kòkó Lórí Tábìlì Ìyàwó

“Ìyá Yọ̀mí, ta ló máa ṣe ọ̀ṣọ́ tábìlì tiyín?”

Ọmọ́táyọ̀ ló bi í, nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí wọ́n ti jọ jókòó lẹ́yìn ilé ní Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́. Wúrà ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Yọ̀mí, òun ló sì ń bá wọn ṣe ọ̀ṣọ́ tábìlì òde. Ó fi òwú so ìdí òdòdó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún un so, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti le.

Ọmọ náà kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bà. Akínbọ̀wálé, bàbá Yọ̀mí, ti gbé iṣu àti obì lọ bá ẹbí Wúrà láti ìgbà tí Yọ̀mí ṣì wà nínú oyún, ṣùgbọ́n wọn kò tíì jọ dé iwájú pẹpẹ. Oko kòkó bàbá rẹ̀ ní Oǹdó ló ń gbé, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wá sí Àkúrẹ́. Alùfáà ní kí wọ́n kàn wá gba àdúrà láàárín ọ̀sẹ̀, kó parí. Akínbọ̀wálé kọ̀. Ó ní òun kò ní mú ìyàwó òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó jalè. Àwọn ènìyàn gbọ́dọ̀ jókòó jẹun, kí tábìlì sì dùn ún wò. Ó ní bí kòkó bá ti ṣe dáadáa ni àwọn á ṣe é. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín Oúnjẹ Olúwa, àwọn ẹgbẹ́ Wúrà á dìde, òun tí kò tíì dé pẹpẹ kò lè jẹ ẹ́, á kàn sún ẹsẹ̀ kí wọ́n lè kọjá.

Ọdún tí owó epo ọkọ̀ fò sókè ni ìgbéyàwó Ọmọ́táyọ̀ bọ́ sí. Òdòdó oníke ti di ohun tí à ń fi ojú rà. Ìyá ìyàwó ní kí wọ́n fi tábìlì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wúrà ní tábìlì tí kò ní nǹkan láàárín dà bí ojú tí kò ní ìpéǹpéjú. Ó ránṣẹ́ sí Oǹdó.

Ohun tó ní kí Akínbọ̀wálé ṣe yàtọ̀ sí bí wọ́n ti ń ṣe lóko. Àárín ni wọ́n ti ń fọ́ kòkó, wọn a kó èso inú rẹ̀, wọn a da èèpo nù sábẹ́ igi. Wúrà ní kó gé orí rẹ̀ nìkan, kó kó inú rẹ̀ jáde, kó rọ yanrìn gbígbẹ sí i kó má baà súnkì, kó sì sá a síbi tí oòrùn kò ti mú jù.

Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ dé, ó fi ìka tọ ẹnu èèpo kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ọwọ́ tó gé e. Kò sí èyí tó rí jágajàga. Èéfín oko ṣì wà lára wọn. Ó gbé ọ̀kan sí imú, kò tètè gbé e sílẹ̀.

“Ìyá Yọ̀mí, ṣé àwọn àna mi lẹ fẹ́ kí wọ́n wá fọ́ kòkó ni?” Ìyá ìyàwó ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ ná.”

Ó fi àdín pa wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Ó ki orí ọkà bàbà àti ewé pupa tó já lára ọgbà aládùúgbò sínú wọn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé bí òde bá ti tú, òun yóò kó wọn pamọ́ de ọjọ́ tòun, kí ọ̀rọ̀ tábìlì má tún sí lẹ́nu Akínbọ̀wálé mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ pè é kó wá wò ó.

Akínbọ̀wálé wá lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà. Ó jókòó lẹ́yìn, ó ń yí ọ̀kan lọ́wọ́, ó ní ó dára.

Wúrà lọ bá wọn bu oúnjẹ. Kó tó padà, gbogbo tábìlì ti ṣófo. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá wà láàárín tábìlì tí kì í ṣe oúnjẹ, ẹ̀bùn àlejò ni. Obìnrin kan kọjá, orí ọkà bàbà yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó ní èyí dára ju abọ́ ike lọ, pé ẹni tó wá sóde kì í fọwọ́ òfo relé. Wúrà ní kí ó délé ire.

“Èèpo kòkó ni, Wúrà. Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?” Akínbọ̀wálé ló bi í.

“Tábìlì tiwa ni mo fẹ́ kó wọn pamọ́ fún, Bàbá Yọ̀mí.”

Akínbọ̀wálé bá a rìn títí wọ́n fi dé ibùdókọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ Oǹdó fẹ́ gbéra ló yọ orí jáde.

“Màá gé òmíràn.”

Ó sì ń gé e. Ìgbà ìkórè kọ̀ọ̀kan ni apẹ̀rẹ̀ ń dé sí Ìsìkàn, ẹnu èèpo á jọ̀lọ̀, yanrìn á wà nínú rẹ̀. Wúrà á fi àdín pa wọ́n, á fi àkísà wé wọn, á tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn. Wọ́n ti pọ̀ ju tábìlì gbọ̀ngàn èyíkéyìí lọ. Nípa ọjọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, Akínbọ̀wálé ní kí àwọn wo ìkórè tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Oúnjẹ Olúwa, Wúrà ṣì ń sún ẹsẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú gbèsè tí Akínbọ̀wálé jẹ ẹ́, èèpo nìkan ló ń san.