Òrùlé Kan Ló Pa Ajórinmọ́rin Wa

Ajórinmọ́rin àdúgbò wa ti kú sójú ogun. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n já pósí rẹ̀ sí, láàárín àwọn àga tó ti kán. Ìyá rẹ̀ bèèrè ẹni tó máa bá òun gbé e délé. Akọ̀wé ní, "Màmá, ẹ ṣe sùúrù, ọ̀gá wà ní ìpàdé." Ìpàdé wo? Ṣé ti ogun mìíràn ni? Àwa ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù la gbé e.

Bùọ̀dá Iná là ń pè é. Tó bá ń jórin, wàá rò pé gbogbo ìràwọ̀ ọ̀run ló wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ló bá wa jó òpó gólù wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní ká ṣáà máa gbá bọ́ọ̀lù sáàárín òpó, ká yé gbá a lu òun.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la wà lọ́jọ́ tí mínísítà gbé fọ́tò òrùlé kan jáde lórí tẹlifíṣàn. Ó ní abẹ́ rẹ̀ làwọn ọ̀tá kó bọ́ǹbù sí, àfi ká tètè gbógun lọ bá wọn. A rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fẹ́ẹ̀ ya.

"Òrùlé lásán?" Bàbá Télọ̀, aránṣọ àdúgbò, pariwo. "Èmi náà lórùlé o!"

Mo ní, "Tiyín ń jò, Bàbá. Òjò á ti ba bọ́ǹbù jẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ṣọ́jà wá ń kó àwọn ọ̀dọ́. Bùọ̀dá Iná yíjú sí wa níwájú ọ̀gá náà: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ òrùlé yìí?"

Bàbá Télọ̀ ń wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi tẹ́nu mi ń dún ju ọkọ̀ òfúrufú lọ, mo yadi.

"Ó dáa. Àwàdà lẹ ń ṣe lánàá nìyẹn." Bùọ̀dá Iná bọ́ ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé àwọn ṣọ́jà.

Wọ́n ti ṣí òrùlé náà wò báyìí. Àgbàdo ló wà níbẹ̀, àti eku. Mínísítà ní àṣìṣe kékeré ni. Kékeré? Ṣé ó gbé pósí yẹn wò?

A mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀fẹ̀ la fi irọ́ náà ṣe nígbà tó yẹ ká fi ẹnu dí i lọ́nà. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn, ó wà lọ́rùn wa. Ẹni tó pa irọ́ gan-an ńkọ́?

Géètì ilé ìyá rẹ̀ ló ń ṣe lọ́wọ́ kó tó lọ; kò tíì jó irin ìdábùú tí wọ́n máa fi tì í mọ́ ọn. Mínísítà, kò sí àwáwí, géètì náà ò ṣe é tì, ẹ lè wọlé. Ẹ gbé fọ́tò yẹn wá. Ẹ jókòó níwájú ìyá rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ẹni tó fún yín. Àwa tá a dákẹ́ á ti wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, a ò ní rẹ́rìn-ín.