Ọjọ́ tí Ìkòkò Irin Já Lulẹ̀ ní Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mi

Ọjọ́ tí ìkòkò irin fẹ́rẹ̀ẹ́ já lé mi lórí ní ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi ti ń ta ìkòkò ní àdúgbò Aboabo ni n kò lè gbàgbé láyé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, tíṣà wa gbé òkúta sókè, ó bi wá bóyá agbára wà nínú rẹ̀. Mo ní kò sí, torí pé ojú kan ló wà. Sàfúrà, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, dìde.

“Sà, agbára tí ẹ fi gbé e sókè ti wà nípamọ́ nínú rẹ̀.”

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún tẹ́lẹ̀. Mo ki ọwọ́ tèmi bọ abẹ́ tábìlì.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, Sàfúrà tún sọ ọ́ fún Bàbá.

“Ayekoo, ọmọ mi!” ni Bàbá wí, bí wọ́n ṣe máa ń kí ẹni tó ṣe dáadáa ní Aboabo.

Mo bá bínú lọ jókòó sídìí pẹpẹ tí Bàbá ń to ìkòkò irin sí. Bàbá ń fa ìkòkò kan yọ lókè fún oníbàárà, ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá yọ̀. Sàfúrà fà mí lápá. Gbìì! Ìkòkò náà dá ihò sí sìmẹ́ńtì níbi tí mo jókòó sí.

Mo ń wo ihò náà, ọ̀rọ̀ òkúta tíṣà sì yé mi. Kí Sàfúrà tó lanu, mo ní, “Bàbá, ọjọ́ tí ẹ gbé ìkòkò náà sókè lẹ ti fún un lágbára yìí.”

Bàbá dì mọ́ mi. Sàfúrà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àlàyé tìẹ dára ju tèmi lọ.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó yọ mí. Ṣùgbọ́n inú rere rẹ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n túbọ̀ máa jowú rẹ̀, torí ó tún fi ìyẹn jù mí lọ.